Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fíìmù Àgbéléwò Inú Àpótí Bàbá

Àwọn olùkàwé tó ń kó fíìmù àgbéléwò ayé àtijọ́ jọ, ìbáà jẹ́ orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tàbí orí àwo VCD, kò jẹ́ kí tábìlì wa sinmi láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. A mú mẹ́rin nínú lẹ́tà wọn láti dáhùn lóṣù yìí. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a kò sì dárúkọ ẹni tó kọ wọ́n.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Bàbá mi tó di olóògbé fi àpótí ńlá kan sílẹ̀ tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò, fíìmù Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ fídíò wa ti bàjẹ́ ni àpótí náà ti wà ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí ohun funfun kan lára téèpù àwọn mélòó kan. Àbúrò mi ní kí a dáná sun gbogbo rẹ̀, pé kò sí fíìmù tí kò sí lórí YouTube mọ́. Ṣé òótọ́ ló sọ? Bí kì í bá ṣe òótọ́, báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àbúrò yín pé kí ó fi ìṣáná sílẹ̀ ná. Lóòótọ́ ni fíìmù Yorùbá pọ̀ lórí YouTube, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló dé ibẹ̀. Nínú àwọn ti àtijọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ pàápàá, wọ́n ti gé orí òmíràn, wọ́n ti gé ìdí òmíràn, wọ́n sì ti fi orúkọ tuntun pe òmíràn.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe àwọn fíìmù wọ̀nyí ló mú kí àpótí bàbá yín níye lórí. Láti ọdún 1976 tí Ọlá Balógun ti gbé sinimá Yorùbá àkọ́kọ́ jáde, títí dé àárín ọdún 1980 sí 1989, orí fíìmù sinimá gidi ni Hubert Ògúndé, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love, àti Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá ń ya eré wọn sí, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bá pàdé mọ́, ni àwọn eléré orí ìtàgé bá gbé kámẹ́rà fídíò kọ́ èjìká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù àgbéléwò sí ọdún 1992, nígbà tí Kenneth Nnebue gbé fíìmù rẹ̀ ní èdè Ìgbò jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí kan náà ti ń náwó sí fíìmù àwọn eléré Yorùbá ṣáájú àkókò náà.

Fíìmù tí a bá yà sórí fídíò kò ní nẹ́gátíìfù, ìyẹn ojúlówó fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà sinimá jáde. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to eré náà sí ni ìyá, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń da èyí tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà kọ. Bí ìyá bá wá sọnù, tí ẹni tó ṣe fíìmù ti kú, tí mákẹ́tà ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ibòmíràn, kí ló kù bí kò ṣe ẹ̀dà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn tó rà á nígbà náà? Sinimá gidi pàápàá a máa sọnù mọ́ni lójú. Shaihu Umar, sinimá èdè Hausa ti ọdún 1976, ti pòórá pátápátá lójú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó rí i ní ọdún 2016 níbi ìpamọ́ fíìmù ìjọba tó wà ní Jos, kí àwọn ará Arsenal, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Berlin, tó bá wọn tún un ṣe. Ẹni tó bá ń retí pé kí ìjọba wá kó kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àgbéléwò láti ilé dé ilé yóò retí títí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ohun funfun yẹn. Téèpù yín ti bu gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì ṣe ń bu ni, ọ̀rinrin ló sì fà á. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti bu bọnú ẹ̀rọ rárá, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò kó o, yóò sì kó o ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó bá wọ inú rẹ̀. Ẹ ya àwọn tó bu sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó mọ́. Ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu yín, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti wọlé tó, bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó tẹ̀, ìdérí iwájú yóò sì ṣeé gbé sókè, kí ẹ lè wo ojú téèpù náà. Ẹ wo ojú fèrèsé òkè pẹ̀lú, níbi tí téèpù ti wé mọ́ àgbá rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín láti fi karosíìnì nù ún. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí kò sì sí ọ̀rinrin ni kí ẹ tò wọ́n sí títí wọn yóò fi gbẹ. Tí ó bá ti gbẹ, funfun náà yóò di eruku lásán, a ó sì lè fi aṣọ jẹ́jẹ́ tí kì í hu nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀. Skúrù márùn-ún péré ló di kásẹ́ẹ̀tì fídíò (VHS) mú nísàlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè tú u, kí ó sì gbé téèpù inú rẹ̀ sínú ike kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò nílò kọ́ ọ.

Ní ti ẹ̀rọ, kò sí tuntun mọ́. Funai ti ilẹ̀ Japan, tó ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ṣíwọ́ ní oṣù keje ọdún 2016. Tòkunbọ̀ tàbí èyí tó wà nílé ẹbí ni ẹ ó wá. Kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì gidi sínú rẹ̀, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó dàgbà, kí ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà inú rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ti le tàbí tó ti yọ̀ ni ó sábà máa ń fà á tí ẹ̀rọ fi ń jẹ téèpù. Nínú ẹ̀rọ náà, àgbá irin kékeré kan wà tó ń yí po ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí àgbá yìí sì ni orí tí ń ka àwòrán wà, ó kéré dé ibi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Bí ìdọ̀tí bá bò ó, àwòrán yóò kún fún àmì funfun wẹ́wẹ́. Ẹni tí yóò nù ún yóò fi ìwọ̀nba ọtí isopropyl tutù sí ara awọ jẹ́jẹ́ tàbí bébà tí kì í hu, yóò gbé e ti ara àgbá náà láì mì, yóò sì fi ọwọ́ kejì yí àgbá náà láti òkè. Bí ó bá nù ún lọ sókè sódò, orí náà yóò kán. Òwú tí a ń fi ro etí pẹ̀lú kò yẹ níbẹ̀, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ a máa há sí orí náà.

Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta gùn ju 250 mítà lọ, ó sì ti wé pọ̀ mọ́ ojú kan náà láti ọdún pípẹ́. Kí ẹ tó wo èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ sáré yí i dé òpin, kí ẹ sì yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kán ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tò wọ́n ní òòró bí ìwé, kí wọ́n jìnnà sí gbohùngbohùn ńlá nítorí òòfà inú rẹ̀, kí wọ́n má sì wà nínú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rá ń sé ọ̀rinrin mọ́ wọn.

Kí n tó fi ti yín sílẹ̀: ẹ má ju páálí nù. Ara páálí ni orúkọ mákẹ́tà, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ àwọn eléré tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ wà. Bákan náà ni ìpolówó fíìmù mìíràn tí wọ́n ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo wa máa ń sáré kọjá nígbà náà. Nínú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ pé fíìmù kan ti wà rí. Ní tèmi, àwọn ìpolówó mìíràn wà tó dùn ún wò ju fíìmù tó tẹ̀ lé wọn lọ.

Láti Houston, Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó ti rà ní Èkó láti ọdún 1994 ránṣẹ́ sí mi. Mo ra ẹ̀rọ fídíò tòkunbọ̀ níbí, ṣùgbọ́n àwòrán ń já gèrègèrè, kò ní àwọ̀, ohùn sì ń sáré. Ẹ̀gbọ́n mi sì búra pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé òun. Ṣé ẹ̀rọ tó wà ní pápákọ̀ òfurufú ló bà wọ́n jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì yín, iná tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú kì í sì í ba téèpù jẹ́. Ìlànà tẹlifíṣọ̀n ló yàtọ̀. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, Nàìjíríà àti Bìrìtìkó ń lo PAL, èyí tó ní ìlà 625 àti àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 525, tí àwòrán rẹ̀ sì tó nǹkan bí 30. Ìyára tí téèpù fi ń kọjá nínú ẹ̀rọ yàtọ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń sáré. Ohun tó ń da ènìyàn rú ni pé kásẹ́ẹ̀tì VHS méjèèjì jọra délẹ̀délẹ̀, wọ́n sì ń wọ ẹ̀rọ ara wọn láìsí wàhálà.

Nínú àwọn ibi mìíràn tí ọmọ Yorùbá wà lókèèrè, Kúbà lo NTSC, Brazil sì lo PAL-M, èyí tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwa ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì Ìdúmọ̀tà kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa ní Bahia gẹ́gẹ́ bí kò ṣe ṣiṣẹ́ ní Houston. Àwọn ará wa ní Kútọnu àti Lomé jogún ìlànà SECAM lọ́wọ́ àwọn Faransé. Ìlà àti iye àwòrán rẹ̀ bá ti PAL mu, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rà ní Èkó fi ń di dúdú àti funfun nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ilé, àyàfi bí ẹ̀rọ wọn bá ń gba ìlànà púpọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gba ìlànà púpọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín da ìyókù kọ sórí kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ̀rọ PAL ti pọ̀, kí ó sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín.

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ń ra VCD fíìmù Yorùbá àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá kan ní Dùgbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ Apá Kìíní àti Apá Kejì, bí mo ṣe lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, àti bóyá ó tọ́ kí n máa ra àwọn tí wọ́n kó ogún fíìmù sínú ẹyọ kan. Ọmọ yín ni mí.

Ìdáhùn: Ọmọ wa, inú wa dùn pé irú yín ṣì wà. Ọdún 1993 ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Philips, Sony àti JVC fẹnu kò lórí VCD, ìṣẹ́jú 74 sì ni àwo kan ń gbà. Fíìmù tó bá ti tó wákàtí méjì kò lè wọ inú àwo kan. Ìyẹn ni ìdí tó mọ́ níwọ̀n. Ìdí kejì ni pé mákẹ́tà rí i pé àwo méjì jẹ́ owó méjì, ni wọ́n bá ń na ìtàn tí ì bá parí ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, tí ẹnìkan yóò máa wakọ̀ láti Ìkẹjà dé Lẹ́kí lójú wa láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sí ìparí pé kí a máa retí apá kẹta. Fún ẹni tó ń kó wọn jọ, ohun tí èyí dá sílẹ̀ ni pé Apá Kìíní ń wà níhìn-ín tí Apá Kejì kò sí. Bí o bá rí Apá Kejì nìkan, rà á. Ẹnìkan ní ìlú kan ni èkíní wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòrán VCD kò mọ́ púpọ̀: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 352 sí 288, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ti DVD. Má gbìyànjú láti fi ètò kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Tọ́jú rẹ̀ bí ó ti rí. Bí o bá fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, wo àpò fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MPEGAV. Fíìmù náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó parí sí DAT, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní VLC yóò sì ṣí i. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyí i padà sí irú fáìlì mìíràn.

Láti mọ ojúlówó, yí àwo náà dojú dé. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bí fàdákà, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tín-tìn-tín sì máa ń wà ní òrùka àárín rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ a máa ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń lẹ bébà mọ́ ọn lójú. Nígbà tí o bá wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbé àwo náà sókè sí iná gílóòbù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́ láti ara rẹ̀, ojú òkè ló ti họ. Àwọn ènìyàn a máa ṣọ́ ìsàlẹ̀ bí ẹyin, wọn a sì máa fi bírò kọ̀wé sójú òkè, bẹ́ẹ̀ ni ojú òkè gan-an ni ìpele tó ń dán yẹn wà, ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì bò ó. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ṣeé fi aṣọ jẹ́jẹ́ nù, láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe ní òbìrìkìtì.

Ní ti ogún fíìmù nínú àwo kan, olè ni iṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ sì burú nítorí pé wọ́n ti fún un pọ̀ kọjá àlà. Ìwọ̀n ìpalára tí irú olè yìí ń ṣe kò farasin: Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì kí owó tó ná sí i tó padà wọlé, gbèsè rẹ̀ sì dá bàbá náà lágara fún ọdún púpọ̀. Má fi owó rẹ bọ́ wọn níbi tí ojúlówó bá wà. Ṣùgbọ́n bí fíìmù kan kò bá sí níbòmíràn àfi inú àwo bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o mú un, kí o sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ayédèrú ni, títí o ó fi rí ojúlówó. Àwọn kan yóò bá mi jiyàn lórí èyí, mo sì mọ ìdí.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ìbejì ni mí, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tó pọ̀, ìgbéyàwó wa pẹ̀lú sì wà lórí ọ̀kan. Ọmọ mi fẹ́ bá mi kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí a sì gbé àwọn fíìmù náà sórí YouTube kí àwọn tó wà lókèèrè lè rí wọn wò. Ẹ̀rọ fídíò wa ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá ìbejì, ẹ kú orí ire, Èdùmàrè yóò máa wo àwọn ọmọ. Ìgbéyàwó yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn lè ní ẹ̀dà fíìmù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ti ìgbéyàwó yín. Kí ọmọ yín ra ẹ̀rọ kékeré tó ń so fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn aláwọ̀ ìyeyè ni ti àwòrán, funfun àti pupa sì ni ti ohùn. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta yóò gba wákàtí mẹ́ta gbáko, nítorí náà, ẹ rí i dájú pé bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀ kí NEPA má baà já a gbà láàárín. Ẹ má gé ohunkóhun kúrò, ìpolówó ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú hard disk nílé, kí òmíràn sì wà lọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní ìlú mìíràn.

Ti YouTube ni kí ẹ dá dúró. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ní ọdún 2023, ń dáàbò bo fíìmù, ikú ẹni tó ṣe é kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ náà ti di ti gbogbo ayé; àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí mákẹ́tà tó ra á lè ṣì ni ín. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, ẹ kọ orúkọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà, ní ìpínlẹ̀ yín bóyá wọ́n mọ ẹni tí a lè kàn sí. Ó ṣeé ṣe kí inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùn gidi, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ lè má ní ẹ̀dà kankan mọ́. Títí ẹ ó fi rí i, ẹ kọ orúkọ fíìmù, apá tó jẹ́, orúkọ mákẹ́tà àti ọjọ́ tí ẹ dà á kọ sí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwòrán páálí náà ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ fi sínú àpò fáìlì kan náà.